Ẹni Tí Kò Gba Orí Afárá Rí

Ọjọ́ tí bàbá mi àgbà kọ́kọ́ gba orí afárá odò Ògùn kọjá, òkú rẹ̀ ni a gbé. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí afárá náà, kò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ rí, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ lè ju òkò kan án. Nígbà tí mọ́tò tó gbé e ti ọsibítù Ṣakí bọ̀ dé ìdí afárá, awakọ̀ dẹ ìrìn. Ìyá mi àgbà, tó jókòó níwájú, yíjú padà wo ẹní tí a fi wé e.

"Ẹ má sọ fún un o," ó wí.

Bàbá mi, tó ti ń sunkún láti Ṣakí, ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn la fi gbé e wọlé.

Lámídì ni orúkọ rẹ̀. Ó kú ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí, ó sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Èbúté Apá ni abúlé rẹ̀, létí odò Ògùn, lójú ọ̀nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Àwọn ará ilé ń pè é ní Bàbá Múnírù, nítorí bàbá mi tí í ṣe àkọ́bí rẹ̀. Àwọn èrò ọ̀nà ń pè é ní Bàbá Onígbá, nítorí igbá ló fi ń gbé ènìyàn sọdá odò.

Kì í ṣe igbá ìmumi. Odindi igbá ni, tí a kò là, tó tóbi tó ìkòkò aró. Wọ́n á gba ojú ihò kékeré kan kó inú rẹ̀ jáde, wọ́n á fi ìda dí ihò náà pa. Èrò á fi àyà lé igbá, á na ọwọ́ méjèèjì di èjìká Bàbá mú. Bàbá á wà nínú omi lódìkejì igbá, á di apá èrò mú, igbá á wà láàrin wọn, á sì máa fi ẹsẹ̀ wa omi lọ sẹ́yìn títí wọn yóò fi gúnlẹ̀. Ẹrù ní igbá tirẹ̀. Ìgbà òjò nìkan ni iṣẹ́ náà wà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, odò kì í kọjá orúnkún, àgùntàn gan-an ń dá sọdá, Bàbá á sì gba oko iṣu rẹ̀ lọ.

Òkúta ni Apá tí wọ́n fi sọ abúlé náà lórúkọ. Àwọn ará abúlé ló tò ó nígbà tí Bàbá ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, kí àwọn tó ń ru òwú àti tábà lè rí ibi líle tẹ̀. Ó yọ láti etí odò bọ́ sínú omi bí ìgbà tí ènìyàn na apá, wọ́n sì tẹ́ pákó ayìn lé e lórí. Ibẹ̀ ni èrò ti ń bọ́ sórí igbá. Lónìí, ọgbà ti yí i ká. Àwọn àlejò ń ti Ìbàdàn àti Ìlọrin wá wò ó, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò lábẹ́ igi ẹmi tó wà níbẹ̀.

Ọdún méje tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀ ni Bàbá fi jà lórí ohun kan ṣoṣo: pé kí ẹnìkan ṣì máa ti orí Apá sọdá. "Èbúté tí ẹnikẹ́ni kì í ti ibẹ̀ sọdá," ni ó máa ń wí fún àwọn àlejò náà, "òkúta lásán ni. Òkúta sì wà nílé yín."

Ẹ má rò pé ẹ̀rù afárá ń bà á. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, mímí di ìṣòro. Bàbá mi háyà mọ́tò láti gbé e lọ sí Ṣakí.

"Ibo ni mọ́tò máa gbà?" Bàbá bi í.

"Orí afárá ni, Bàbá. Kò sọ́nà míràn."

"Ó dáa. Kó máa lọ. Mo ń bọ̀."

Ni bàbá mi bá di apá ọ̀tún rẹ̀ mú, Àǹtí Rábíátù, àbíkẹ́yìn Bàbá, di ti òsì, wọ́n rọra mú un fẹsẹ̀ la odò kọjá. Omi kò ju orúnkún lọ. Mọ́tò gba orí afárá lófìfo, ó lọ dúró dè wọ́n lódìkejì. Awakọ̀ náà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé: "Mo ti gbé oríṣiríṣi aláìsàn, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí èyí tó ní kí n máa lọ ṣíwájú òun." Bàbá wọ mọ́tò pẹ̀lú ṣòkòtò tó tutù, ó fa ilẹ̀kùn dé, ó wo awakọ̀. "Ṣé o rí i?" ó wí. "A jọ dé ni."

Kò sí ẹni tó wọ omi pẹ̀lú rẹ̀ láìsọ orúkọ. Kí lorúkọ ẹ? Ọmọ ta ni ọ́? Ilé wo? Bí olówó ni o, bí tálákà ni, yóò dáhùn kí igbá tó kúrò nílẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: bí omi bá gba ẹnìkan lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ mọ ilé tí yóò gbé ìròyìn lọ. Kò gbé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé kankan rí. Ṣùgbọ́n àwọn orúkọ náà kò kúrò lórí rẹ̀.

Ìṣẹ́yìn ni mo ti lọ sí ilé-ìwé girama. Ó wá kí mi lọ́jọ́ kan, a sì jọ gba inú ọjà kọjá. A kan ìyá arúgbó kan níwájú ìsọ̀ aṣọ òkè, ìyàwó ọmọ rẹ̀ méjì wà lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n ń bá a ká aṣọ. Bàbá dúró.

"Sìfáwù," ó wí. "Ọmọ alágbẹ̀dẹ Òkakà."

Ìyá náà wò ó, kò mọ̀ ọ́n.

"Ìwọ lo bì sí mi léjìká lórí odò Ògùn."

Àwọn ìyàwó ilé yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èjìká wọn ń mì. Ìyá náà fi ìborùn bo ẹnu. "Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá," ó wí, "ó ti tó ogójì ọdún."

"Mo mọ̀," ni Bàbá fèsì. "Èjìká mi ni kò tíì gbàgbé."

Òfin rẹ̀ lójú omi kò ju ẹyọ kan lọ: "Ojú mi ni kí o wò. Má wo omi." Ẹni tó bá ń wo omi tó ń sáré, òyì á kọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ á dẹ̀. Kí ojú èrò má bàa yà, Bàbá ní ọgbọ́n kan tí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n pè ní ìwà àìdáa: bí wọ́n bá ti dé àárín odò, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bú èrò. Ó ti gbọ́ orúkọ, ó ti gbọ́ ti òbí, ó ti gbọ́ ilé, nǹkan tó máa sọ kò wọ́n ọn.

Ògúndélé ọdẹ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tí í ṣe ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ tí kò sì pa Ògún rẹ̀ tì, sọ ti ara rẹ̀ fún mi. "Mo pa ìgalà lọ́jọ́ yẹn. Ẹran wà nínú igbá tirẹ̀, èmi wà lórí tèmi. A dé àárín, omi le. Lámídì ní irùngbọ̀n mi dà bí ti òbúkọ tó já okùn lọ́jọ́ iléyá. Ó ní ìyàwó mi ló so ìbọn mọ́ mi lọ́rùn kí n lè kúrò nílé. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ gbá a létí. Mo tú ọwọ́ kan sílẹ̀ láti gbá a, mo wò ó, ilẹ̀ ni mo dúró lé. Mo bi í pé, kí ni mo fi ṣe ọ́? Ó ní, 'Ògúndélé, èébú kì í pa ènìyàn. Omi ń pa.'"

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ó kọ́kọ́ gbé èmi náà sọdá. Bí a ṣe kúrò ní Apá, tí òtútù omi wọ̀ mí lára, ojú mi ti ń ṣí lọ sísàlẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́, ojú mi. Ta ló jẹ ẹran inú ìkòkò ìyá àgbà ẹ láàárọ̀?"

"Èmi kọ́, Bàbá."

"Wọ́n rí ọ."

"Wọn ò rí mi. Mo wà lẹ́yìnkùlé."

"Ìtẹ̀ka ọwọ́ ẹ wà lára ọmọrí."

Mo bú sẹ́kún. Mo ń jà, mo ń búra, mo ń pe àwọn tó lè jẹ́rìí sí mi lọ́kọ̀ọ̀kan, àfi bí ẹsẹ̀ mi ṣe kan iyanrìn lódìkejì. Bàbá gbé mi dúró, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu omi lójú mi.

"Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́," ó wí. "Èmi ni."

Oko igbá rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, ibẹ̀ ni ìjà òun àti ìyá mi àgbà sì ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ìtàkùn igbá lè so mẹ́wàá. Bàbá á gé mẹ́sàn-án dànù, á ṣẹ́ ẹyọ kan kù, kí gbogbo agbára ìtàkùn lè wọ inú rẹ̀. Á tẹ́ koríko gbígbẹ sábẹ́ rẹ̀. Láràárọ̀, lẹ́yìn àsùbáà, á lọ yí i díẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ kan má bàa tẹ̀ pẹrẹsẹ, nítorí igbá tó bá tẹ̀ á máa yí èrò dànù. Ìyá mi àgbà ń wo igbá mẹ́sàn-án tí ì bá là ṣe abọ́, ọkàn rẹ̀ ń gbọgbẹ́.

"Ọmọ mẹ́fà ni mo bí fún un," ó sọ fún mi, ó sì ń wo Bàbá bó ṣe ń wí i. "Kò yí ìkankan nínú wọn padà lórí ẹní rí."

"Ọmọ tó bá wọ́, à á bá a wí," Bàbá dáhùn láti ibi tó bẹ̀rẹ̀ sí. "Igbá tó bá wọ́, ta ni yóò bá a wí?"

Nígbà tí wọ́n ṣí afárá, èrò kò nílò igbá mọ́. Bàbá kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn ní òun kò ní nǹkan tí òun ń wá lórí rẹ̀. Àwọn kan ṣì ń wá bá a, àwọn arúgbó tí afárá kò sí lọ́nà oko wọn, àti àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn ayẹyẹ àṣà ńlá tí gbogbo ènìyàn dúdú ṣe ní Èkó, káńsù kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí òun náà máa fi han àlejò. Tiwa rí Apá. Wọ́n pààrọ̀ pákó tó ti jẹrà, wọ́n ṣe ọgbà, wọ́n ri pátákó mọ́lẹ̀. Bàbá ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ.

"Wọ́n ní, Èbúté Àtijọ́. Ẹ Má Fọwọ́ Kàn Án."

Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì, ó yí wọn síwá sẹ́yìn. "Ó dáa," ó wí. "Ṣé ẹsẹ̀ kò sí níbẹ̀?"

Wọ́n fẹ́ kí ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí i ní àrà. Ètò wọn ni pé kí Bàbá fi igbá gbé alága káńsù sọdá níṣojú gbogbo ayé. Inú Bàbá dùn. Ó yọ igbá tó dára jù nínú àjà, ó gbé e fún wọn, wọ́n ní àwọn fẹ́ tún un ṣe kí ọjọ́ tó pé. Ibi tí àṣìṣe ti wọlé nìyẹn. Kò sí ẹni tó ní ibi lọ́kàn. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ tiwa níbí, igbá tí a kò fín, a kì í fi í sàlejò. Wọ́n gbé igbá Bàbá lọ fún ẹni tó ń fín igbá ní Ọ̀yọ́, ọkùnrin náà sì ṣiṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dójú àmì. Ó fín ẹyẹ sí i, ó fín alángbá gígùn kan tó na ara yí ìdí igbá ká, ó fín orúkọ alága sí àárín wọn, ó fi ẹfun pa ojú fínfín náà kó lè yọ. Ó rẹwà púpọ̀. Èmi fúnra mi fẹ́ gbé e sá.

Sátidé ni. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, odò kún dé òkúta kẹta Apá. Àwọn ọmọ ilé-ìwé wà lórí ìlà, àwọn baálẹ̀ wà lábẹ́ igi, alága wà lórí àga pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Bàbá gba igbá. Ó fi ìka kan án kó, kó, ó gbé e sétí, ó fi àtàńpàkò tọ ẹ̀yìn alángbá láti orí dé ìrù. Lẹ́yìn náà ó rìn lọ bá akọ̀wé káńsù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ agbádá léèsì, tí gbogbo ètò ọjọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ògúndélé dúró sí ẹ̀yìn wọn. Òun ló gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

"Akọ̀wé, wọ́n ti fín igbá yìí kọjá àlà, ara rẹ̀ ti fẹ́lẹ́. Kò lè gbé alága."

"Bàbá, ṣé kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà yín? Ẹ ti dàgbà."

"Ẹ̀rù ń bà mí."

"Gbogbo ayé ti dé. Kí lẹ fẹ́ ká sọ fún wọn?"

"Ẹ sọ pé inú ń run mí. Ẹ sọ pé mo ti darúgbó. Ohun tó bá wù yín ni kí ẹ sọ."

Akọ̀wé kò gbà. Òun ló mú igbá lọ sí Ọ̀yọ́, òun ló ṣètò gbogbo rẹ̀, ojú sì wà lára rẹ̀. Ó bọ́ agbádá, ó ní kí wọ́n kéde pé òun yóò kọ́kọ́ gùn ún, alága á tẹ̀lé. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Bàbá lè sọ pé òun kò wọ omi. Ó bọ́ dàńṣíkí rẹ̀, ó gbé e fún Ìyá àgbà, ó wọ omi.

"Kí lorúkọ ẹ?"

"Ẹ mọ̀ mí, Bàbá."

"Akọ̀wé ni mo mọ̀. Mi ò lè gbé Akọ̀wé lọ sí ilé kankan."

"Tìjání."

"Ọmọ ta ni ọ́?"

Akọ̀wé wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ọmọ Ìyá Aláró, ní Àgọ́-Àmọ̀dù."

Wọ́n dé àárín odò kí ẹ̀yìn alángbá tó là. Àwa tó wà létí odò kò mọ̀. A kàn rí i pé igbá ń kéré sí i lábẹ́ akọ̀wé, bí ẹni pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Akọ̀wé wo omi. Ohùn Bàbá ṣe kedere títí dé ibi tí mo dúró sí.

"Ojú mi, Tìjání. Ojú mi. Ṣé lóòótọ́ ni gbogbo ọmọge Àgọ́-Àmọ̀dù kọ̀ ọ́?"

"Bàbá, igbá yìí…"

"Wọ́n ní torí òórùn aró tó wà lára ẹ ni. Wọ́n ní ewúrẹ́ gan-an ń yà fún ọ."

"Irọ́ ni. Mo níyàwó."

"Ta ló fẹ́ ọ?"

"Sàlámátù. Ọmọ Lẹ́mọ́mù."

"Ó mà ṣe fún Sàlámátù o. Kí ló rí lára ẹ?"

Akọ̀wé ń ka ohun tí Sàlámátù rí lára rẹ̀ fún un, inú ń bí i, ó ń pariwo, kò sì mọ̀ pé igbá ti fọ́ yángá lábẹ́ òun, pé ẹ̀yìn Bàbá ni òun wà, pé wọ́n ti ṣẹ́rí padà. Ìdajì igbá ṣàn lọ ìsàlẹ̀ odò pẹ̀lú ẹyẹ àti orúkọ alága. Ẹni tó lé ní àádọ́rin ọdún gbé géńdé ọkùnrin dé Apá, ó tì í gòkè, òun náà di pákó mú, ó ń mí. Àwọn èrò rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí.

Alága dìde. "Igbá dà?"

Akọ̀wé mú agbádá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi nu ojú. Bàbá wò ó, lẹ́yìn náà ó wo alága.

"Ó ti gbó," ó wí. "Ó yẹ kí n ti mọ̀."

Ohun tó ná an nìyẹn. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan, káńsù pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ omi mọ́ ní Apá, nítorí pé igbá onígbá ti gbó, onígbá náà sì ti gbó. Kí àwọn àlejò máa wò ó ni. Akọ̀wé kò pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Ògúndélé fẹ́ lọ sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀, Bàbá ní kó fi Ògún búra pé kò ní sọ ọ́. Ìyá àgbà, tí kò ti ọwọ́ ẹnikẹ́ni gbọ́ ṣùgbọ́n tó mọ igbá ọkọ rẹ̀, jà títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó ní ṣé ọmọ ọlọ́mọ tọ́ sí ohun tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Mo wà níbẹ̀. Bàbá ń jẹ iṣu, ó jẹ ẹ́ tán kó tó dáhùn.

"Igbá kan ti fọ́," ó wí. "Kí ni kí n tún fọ́ èkejì fún?"

Lẹ́yìn ìyẹn, ó máa ń jókòó sẹ́nu géètì Apá lójoojúmọ́, ó ń bi àwọn àlejò ní orúkọ wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò kọ̀ọ̀kan, ó máa ń ní kí n bá òun kọ lẹ́tà sí káńsù, kí wọ́n jẹ́ kí ẹnìkan máa sọdá. Èsì kò dé. Ó sì ń gbin igbá rẹ̀ lọ, ó ń ṣẹ́ ẹyọ kan kù lórí ìtàkùn kọ̀ọ̀kan. Mo bi í pé ta ló ń gbìn ín fún. Ó ní igbá ni òun mọ̀ pé òun ń gbìn.

Ṣùgbọ́n Ìyá àgbà ti ń fura. Bàbá àti Àǹtí Rábíátù ń lọ fọṣọ nísàlẹ̀ odò, níbi tí ọgbà káńsù kò dé, wọ́n sì ń pẹ́.

"Aṣọ wo lẹ ń fọ̀ lójoojúmọ́?" ó bi wọ́n. "Ìró mẹ́ta ni mo ní."

Nígbà tó tẹ̀ lé wọn lọ, ó bá ọmọ rẹ̀ obìnrin nínú omi, igbá ńlá wà níwájú rẹ̀, Bàbá fúnra rẹ̀ sì dọ̀bálẹ̀ lé e bí èrò, ó ń kọ́ ọ bí yóò ṣe ṣe é. Àǹtí Rábíátù sọ fún mi pé wíwẹ̀ kò le fún òun rárá. "Èébú ló le. Mi ò mọ ènìyàn bú. Mo sọ fún Bàbá pé ibẹ̀ ni màá ti kùnà. Ó ní, 'Lọ bá ìyá ẹ.'"

Ìgbà tí mo rí i kẹ́yìn, lórí ibùsùn ní Ṣakí, nọ́ọ̀sì kan wọlé pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Kí lorúkọ ẹ? Ọmọ ta ni ọ́?"

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́. Ó bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe.

"Ẹni tó bá fẹ́ gbé mi sọdá," Bàbá wí, "ó yẹ kí n mọ̀ ọ́n."

A ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Àwọn àlùfáà ti ṣe tán, a ti ń pín sàárà, nígbà tí Tìjání dé. Òun ṣì ni akọ̀wé káńsù. Kò wọ agbádá, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn wá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú Ìyá àgbà, ó sọ gbogbo rẹ̀ níṣojú wa: igbá tí òun gbé lọ sí Ọ̀yọ́, ohun tí Bàbá kìlọ̀ fún òun, ìdákẹ́ ọdún méje. Ó ní òun ti sọ ọ́ bákan náà níwájú ìgbìmọ̀ káńsù lọ́sẹ̀ tó kọjá.

"Dìde," Ìyá àgbà wí. "A ti mọ̀. Ta ló rò pé igbá ọkọ mi lè gbó?"

Ògúndélé ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ògún, pé ẹnu ti ń yún òun láti ọjọ́ yẹn.

Akọ̀wé mú lẹ́tà kan jáde, òǹtẹ̀ káńsù wà lára rẹ̀, ó fún mi kí n kà á fún ilé. Wọ́n ní òfin tó ti omi pa ti di yíyọ kúrò. Láti Sátidé àkọ́kọ́ tí odò bá kún dé òkúta kẹta, Rábíátù ọmọ Lámídì ni yóò máa gbé àwọn àlejò sọdá ní Apá, igbá mẹ́rin tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ nínú àjà ni yóò sì lò. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fín wọn. Wọn yóò pa ohun tó wà lára pátákó rẹ́, wọn yóò kọ "Ojú Mi Ni Kí O Wò" sí i. Akọ̀wé ni yóò kọ́kọ́ sọdá, nítorí pé ìdajì ọ̀nà ló dé lọ́jọ́sí. Alága tuntun ní òun yóò tẹ̀lé e.

Àǹtí Rábíátù ń gbọ́, ó ń wo akọ̀wé láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń wá ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ó kù ìlà kan nísàlẹ̀ lẹ́tà, mo kà á. Káńsù ń sọ fún gbogbo àlejò pé wọ́n ní láti sọ orúkọ wọn, orúkọ òbí wọn àti ilé wọn kí wọ́n tó kúrò nílẹ̀, àti pé káńsù kò ní dáhùn fún èébú yòówù tí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ lójú omi.